Ìfẹ́ Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Omi: Ìdágbére Díákónì Odò ní Ìlọrà

Olóyè Adégòkè, alága wa ọjọ́ òní, ẹni tí ó ti bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì kí n tó la ẹnu, mo rí i o, sà. Pásítọ̀ wa àti ìyàwó wọn. Ẹ̀yin díákónì ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ ti ń yọjú wo ìkòkò ìrẹsì láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin akọrin. Ẹ̀yin àlejò wa láti Fìdítì, láti Akínmọ̀ọ́rìn àti láti Ìmini. Ẹ̀yin ará wa láti ṣọ́ọ̀ṣì Àńgílíkà, tí ẹ jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn bí ẹni tí ó fẹ́ tètè sá bí wọ́n bá gbé omi dé. Àlááji Sìrájù, télọ̀ àgbà, ẹni tí ó rán gbogbo aṣọ funfun tí a fi ń wọ odò. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo yín pátá ni mo kí. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru, ẹ sì kú ìfaradà ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ilé ìwé mọ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń wá ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ n ó gbìyànjú.

Ohun gbogbo tí ó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ní í ní òpin. Èmi Amos Olúbọ̀dé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀, àgbẹ̀ ọlọ́sàn, baba Dorothy, ọkọ Beatrice, mo tún ń fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kejì lónìí. Iṣẹ́ tí mo ń fi sílẹ̀ kò ní owó oṣù, kò sì ní orúkọ tó dára. Díákónì odò ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin àlejò tí kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwa Onítẹ̀bọmi kì í wọ́n omi sí ènìyàn lórí. Odò la máa ń mú un lọ, a ó sì rì í pátápátá, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Pásítọ̀ a di apá kan mú, díákónì a di apá kejì mú, a ó jọ dá a sẹ́yìn, a ó jọ gbé e dìde. Èmi ni mo ń di apá kejì mú láti ìgbà tí gbogbo irun orí mi ti dúdú. Ẹ wò mí dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ti pẹ́.

Ṣé ẹ rò pé iṣẹ́ kékeré ni? Ta ni ó mọ bí a ti ń di imú ẹni tí kò fẹ́ kí a di imú òun? Ta ni ó mọ ohun tí a ń sọ fún ìyá àgbà tí ó ti gbá irùngbọ̀n díákónì mú tí kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́? Àlááji Sìrájù ló kọ́ wa pé kí a máa rán òkúta wẹẹrẹ mọ́ etí aṣọ náà nísàlẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ tí aṣọ arábìnrin kan fẹ̀ bí agboorùn, tí odò sì fẹ́ máa gbé e lọ. Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ òun ni kò jẹ́ kí Onítẹ̀bọmi Ìlọrà léfòó.

Mo rántí arákùnrin kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun fi aṣáà sí àpò ṣòkòtò lábẹ́ aṣọ funfun. Bí a ti rì í, omi pọ́n rúsúrúsú yí i ká. Pásítọ̀ kígbe pé, “Ẹ wò ó! Ẹ wo ẹ̀ṣẹ̀ bí ó ti ń jáde!” Ìjọ hó yèè. Èmi tí mo wà nítòsí ni mo sín. Mo sín títí a fi dé ilé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ìjọ ti yọ̀ tó báyẹn.

Wàyí o, ìjọ ti gbẹ́ adágún sí iwájú pẹpẹ, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, àtẹ̀gùn wà fún sísọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn wà fún gígòkè. Kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí àkèré, kò sí ẹni tí yóò máa fọ aṣọ lókè odò tí ọṣẹ rẹ̀ yóò máa wọ̀ wá lójú. Pásítọ̀ nìkan lè dá a ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi ń lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Pásítọ̀ wa, tí wọ́n fara dà mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ìyá ìjọ, tí ẹ máa ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá sí etí odò, tí ẹ sì máa ń fún díákónì kí ẹ tó fún ẹni tí a tẹ̀ bọmi. Ìyẹn dára púpọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó dé odò, ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba kíláàsì mi kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbà á kọjá mọ̀ pé ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó tóbi jù nínú ayé Onígbàgbọ́? Bí ẹnìkan bá ní, “Ìtẹ̀bọmi ni, sà,” mo máa ní kí ó padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Bí ó bá ní, “Ìgbàgbọ́ ni, sà,” mo máa ní ó kù díẹ̀. Bí ó bá ní, “Ìrètí ni,” mo máa ní ó ti ń súnmọ́ ilé. Bí ó bá wá ní, “Ìfẹ́ ni, sà,” mo máa ní, “O yege, lọ wá aṣọ funfun.” Mo ti bi àgbàlagbà ní ìbéèrè yìí, mo ti bi ọmọdé, mo ti bi ẹni tí ó ń sunkún. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ó bi tíṣà? Ẹnikẹ́ni nínú yín ha fìgbà kan rí bi Amos Olúbọ̀dé bí?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan. Solomon Àkànbí ni orúkọ rẹ̀, káfíńtà ni. Ẹ má yíjú wò ó. Bí ẹ bá wò ó jù, yóò dìde lọ. Òun ni ó dé fìlà aláwọ̀ ewé ní ìlà tí ó kẹ́yìn, tí ó ń wo àjà ilé bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ pé kí ó wá tún un kàn. Fìdítì ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Àwọn òbí rẹ̀ gbé e lọ sí Àńgílíkà, àwọn òbí mi gbé mi lọ sí Onítẹ̀bọmi, ṣùgbọ́n ibi ọsàn ọlọ́sàn kan náà ni a jọ ń lọ, pàṣán kan náà ni a sì jọ ń jẹ. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wa ń lúwẹ̀ẹ́ lódò, àwa méjèèjì ni a máa ń jókòó ṣọ́ aṣọ wọn. A kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ nígbà náà, a kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni o, díákónì odò yín kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí mo ti rì bọmi, ẹ má bínú, ó ti kọjá. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo ń bọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ yín.

Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun wá kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ìlọrà, èmi wá ṣe tíṣà ní Ìlọrà, a sì kọ́lé sí àdúgbò kan náà. Nígbàkúùgbà tí a bá ń tẹ ènìyàn bọmi ní odò Ẹlẹ́ja, Solomon a gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Yóò dúró ní bèbè pẹ̀lú agboorùn, yóò ní, “Amos, ṣé ẹ ti fi ọṣẹ sí i?” Èmi náà a dá a lóhùn láti inú omi pé, “Máa lọ, kí wọ́n lọ wọ́n omi sí ọ lórí, bí ẹni ń wọ́n omi sí ẹ̀fọ́ kí ó má baà rọ!” Gbogbo ìjọ a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, a jọ máa ta ayò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Eré ni, kò sí ìjà níbẹ̀.

Alága, ẹ má gbé aago yẹn, mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀.

Àfi ìgbà tí ó di ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1972. Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò orílẹ̀-èdè yìí fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Rédíò ti ké e sí wa létí títí ó fi dàbí ẹni pé ẹni tí ó bá gba òsì ní ọjọ́ náà kò ní rí ìjọba ọ̀run. Èmi, tíṣà, ẹni tí ó fẹ́ràn òfin, n kò sùn dáadáa. Bí a ti dé etí odò, mo sọ fún Pásítọ̀ pé, “Ẹ̀gbẹ́ òsì yín ni mo ti máa ń dúró láti ọjọ́ yìí wá, sà. Òfin ti yí padà. Ó yẹ kí n bọ́ sí ọ̀tún.”

Pásítọ̀ ní, “Díákónì, odò kì í ṣe títì.”

Mo ní, “Sà, Onígbàgbọ́ gbọdọ̀ tẹríba fún ìjọba.”

Wọ́n wò mí títí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bú mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àjíǹde ni. Wọ́n ní, “Ó dára, bọ́ sí ọ̀tún.” Ẹ ò rí ìwà tíṣà bí? Ohun tí n kò mọ̀ ni pé àwọn tí ń wa yanrìn ilé kíkọ́ ti gbẹ́ kòtò sí apá ọ̀tún odò náà láàárín ọ̀sẹ̀. Arábìnrin Josephine ni a fẹ́ tẹ̀ bọmi, òun nìyẹn tí ó ti ń fi gèlè bojú. Pásítọ̀ di apá rẹ̀ kan mú, mo di èkejì mú. Pásítọ̀ di ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ sì mọ bí àdúrà wọn ti máa ń gùn tó. Mo ní kí n súnmọ́ wọn díẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, mo sì gbé e lé orí ilẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Mo fi apá Josephine sílẹ̀ kí n má baà fà á lọ, ẹ yìn mí fún ìyẹn nìkan, mo sì wọlé lọ gbìì.

Solomon ní bèbè rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé orí mi kò jáde mọ́, ó ju agboorùn nù, pẹ̀lú agbádá ọdún lọ́rùn, pẹ̀lú bàtà tuntun tí wọ́n rà fún un láti Ìbàdàn fún Àjíǹde, ó fò wọ inú odò. N kò mọ bí ó ti ṣe é. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo wà nínú òkùnkùn, mo ń mu omi tí n kò bẹ̀, ọwọ́ kan sì gbá mi mú lọ́rùn aṣọ, ó fà mí, ó tì mí, títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀. Ìgbà náà ni òun wá yọ orí jáde láti mí.

Ìgbà náà gan-an ni àdúrà Pásítọ̀ parí. Pẹ̀lú ojú dídì, wọ́n na ọwọ́, wọ́n bá orí kan. Orí sì ni orí ń jẹ́. Wọ́n ní, “Arábìnrin mi, mo tẹ̀ ọ́ bọmi ní orúkọ Bàbá, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́!” wọ́n sì rì í padà sísàlẹ̀.

Solomon jáde, ó kígbe pé, “Èmi kọ́ o!” Pásítọ̀ gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu arábìnrin, wọ́n rò pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń fọhùn, wọ́n tún rì í, èyí wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Akọrin ti gbé orin ayọ̀. Josephine dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi kò kọjá ìbàdí rẹ̀, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi nìyí.”

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣìṣe. Nítorí pé nígbà tí a fà wá gòkè, Solomon jókòó sí bèbè, omi ń jáde létí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ń wò mí. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń retí. Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo dìde, mo pàtẹ́wọ́, mo sọ lójú gbogbo ìjọ pé, “Ẹ kí arákùnrin wa káàbọ̀! Omi tó yẹ ẹ́ ti kàn án wàyí!” Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Solomon kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ń ró kò, pẹ̀, kò, pẹ̀ lórí ọ̀dà títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, wọ́n bi í ní ibi tí ó ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìjọ Méjì. Àwọn ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ kan àpótí a ní òun ń lọ sí ọ̀dọ̀ Ìjọ Méjì. Kò wá ta ayò mọ́. Èmi náà kò lọ bá a, mo ní àwàdà lásán ni, kí ló ń bínú sí. Bí mo bá ń bọ̀ lápá ibí, yóò gba apá ọ̀hún. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe tí mo kọ sí ojú pátákó fún àwọn ọmọ yín nìyẹn, tí mo sì nà wọ́n nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ àwàdà ju èmi lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì, Dorothy ọmọ mi, tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ọ̀yọ́, wá kúnlẹ̀ ó ní òun ti rí ọkọ. Mo ní ta ni? Ó ní Akínwándé ni. Akínwándé wo? Akínwándé ti pósìófíìsì. Ọmọ ta ni? Ọmọ náà wo ilẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú gbogbo ọkùnrin tí ó ń gun alùpùpù láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, ọmọ Solomon ni ọmọ mi rí!

Akínwándé, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní ibikíbi tí omi bá wà ni òun yóò dé, kí a ṣáà fún òun ní ìyàwó. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé bí ẹsẹ̀ ọmọ òun bá kan odò Ẹlẹ́ja, kí ó máa bá odò lọ. Èmi náà ránṣẹ́ padà pé ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tí àtàrí nìkan ló tutù lára rẹ̀. Báyìí ni àwọn ọmọ méjì ṣe jókòó sí àárín baba méjì láti ìgbà náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbà méjì ni ó wọ́ orí àwọn wọ̀nyí. Dorothy a máa wálé lópin ọ̀sẹ̀, kì í bá mi jà. Ó kàn máa ń fọ abọ́ tí ó ti mọ́. Ó dùn mí. Ó dùn mí, n kò sì yí padà.

Àlááji Sìrájù gbìyànjú. Ó pè mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, bó bá jẹ́ omi lẹ ń dù, àwa la jù yín lọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ là ń ṣe àlùwàlá, a ò sì gba ìyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tìtorí ẹ̀.” Mo ní kò yé e ni. Ó ní, “Òótọ́ ni, kò yé mi,” ó sì padà sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Beatrice ìyàwó mi ni ó rí mi mú. Ní oṣù tí ó kọjá, mo ti oko ọsàn dé, ebi ń pa mí. Mo ní kí ó fún mi ní gààrí. Ó gbé abọ́ méjì wá. Nínú àkọ́kọ́, ó fi ìka méjì ta omi díẹ̀ sórí gààrí gbígbẹ. Ó ní, “Ti bàbá Akínwándé nìyí, mo wọ́n ọn.” Abọ́ kejì ni korobá ńlá. Ẹ̀kúnwọ́ gààrí kan ló dà sí i, omi sì kún un dé ẹnu. Ó ní, “Tiyín rèé, bàbá Dorothy, mo rì í pátápátá. Ẹ mú èyí tó bá wù yín.” Mo gbìyànjú ti àkọ́kọ́, ó há mi lọ́fun, mo wúkọ́ títí omijé fi bọ́. Mo ki ọwọ́ bọ korobá náà, mo wá a lọ, mo wá a bọ̀, omi lásán ni.

Mo ní, “Beatrice, gààrí dà?”

Ó ní, “Ohun tí Dorothy ń bi yín látọdún méjì nìyẹn.”

Ó wọlé lọ. Mo jókòó níwájú korobá náà bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ bọmi lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìfẹ́ ni gààrí. Omi dára, ta ni ó lè mu gààrí láìsí omi? Ṣùgbọ́n àwa méjì ti jà lórí omi títí gààrí fi tán nínú abọ́ wa. Mo lè rì gbogbo Ìlọrà bọ odò, kí n tún rì Akínmọ̀ọ́rìn lé e. Bí n kò bá lè sọ fún ẹni tí ó yọ mí nínú ikú pé ó ṣeun, alágbàfọ̀ lásán ni mí. Ìbéèrè tí mo fi ń gba ènìyàn wọlé nínú kíláàsì mi, èmi gan-an kò yege nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo agídí, n kò lọ bá a. Mo ní n ó lọ lọ́la, mo ní n ó lọ lọ́túnla. Àfi ìgbà tí ó di àárọ̀ àná, tí Pásítọ̀ mú mi lọ wo adágún tuntun. Mo rí irin... rárá, igi ni, igi ìrókò tí wọ́n fá tí ó ń dán, tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kí ènìyàn máa fi ọwọ́ dì í mú. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kàn án sí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Mo ní, “Sà, ta ni ó kàn án?”

Pásítọ̀ ní, “Káfíńtà tó dára jù nílùú ni. Solomon.”

Mo ní, “Kí ló dé tí kò kàn án sí òsì?”

Pásítọ̀ ní, “Mo bi í. Ó ní ẹnìkan wà nínú ìjọ wa tí kì í wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dáadáa. Ó ní kí onítọ̀hún má baà jìn sí kòtò mọ́, torí òun ò lówó bàtà míì.”

Mo di igi yẹn mú, mo sunkún. Pásítọ̀ rò pé ìfẹ̀yìntì ló ń dùn mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo ní kí ẹ bá mi dì mú. Ta ni kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́? Àwa méjèèjì. Solomon kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́! Kò mọ̀ ọ́n ní Fìdítì, kò mọ̀ ọ́n ní Ìlọrà, kò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ Àjíǹde yẹn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wà ní bèbè, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò bọ́ aṣọ sí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni ó fò. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín ní ohun tí ìfẹ́ jẹ́, ẹ má wá kíláàsì mi lọ, ẹ nawọ́ sí fìlà aláwọ̀ ewé yẹn.

Solomon. Solomon Àkànbí. Má wo àjà mọ́, kò sí ohun tí ó ṣe é. O ṣeun. Mo ní o ṣeun. Mo mu omi púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti kú bí kì í bá ṣe tìẹ, mo sì fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Dárí jì mí. Ọmọ rẹ ló ni ọmọ mi. Ẹ mú wọn lọ sí Àńgílíkà, ẹ mú wọn wá síbí, ẹ wọ́n wọn, ẹ rì wọ́n, ẹ kàn ṣáà jẹ́ kí wọ́n fẹ́ra.

Ẹ dákẹ́ ná. Ó ń dìde. Ẹ yà fún un, ó ń bọ̀ níwájú.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó wí? Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ó ní, “Amos, bàtà mi ńkọ́?”

Beatrice, gbé e wá. Ó wà lábẹ́ tábìlì, nínú aṣọ tí mo fi wé e yẹn. Ẹ má pariwo. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn, nígbà tí odò fà, mo rí i lábẹ́ gbòǹgbò igi kan. Mo gbé e wálé pé n ó dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a padà, mo gbọdọ̀ dúpẹ́, bí mo bá dúpẹ́, mo gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo bá fi í pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Gbogbo Sátidé ni mo ń fi pólíìṣì kùn ún. Ẹ bi Beatrice. Ó ti rò pé orí mi ti dàrú, ọkùnrin tí ó ní ẹsẹ̀ méjì tí ó ń kun bàtà ẹsẹ̀ kan. Solomon, wò ó, ó ń dán ju ọjọ́ tí wọ́n rà á lọ.

Kí ló wí? Ó ní... ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ánkáṣíìfù. Ó ní, “Èkejì wà nílé.”

Ó wà nílé! Láti ọdún 1972! Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni ó ń tọ́jú bàtà ẹsẹ̀ kan pamọ́ bí kì í bá ṣe ẹni tí ó ń retí èkejì? Ọ̀rẹ́ mi ń retí mi, mo sì wà ní ìtòsí bí ilé mẹ́ta sí i. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ó tún ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé iwájú pẹpẹ, Amos kò gbọdọ̀ dúró lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo gbà. Dorothy, dìde, má fọ abọ́ kankan mọ́. Akínwándé, sún mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò ní rì ọ́ bọmi báyìí.

Alága, mo ti rí i, ẹ ti gbé aago sọ́wọ́. Àdúrà ló kù. Ọlọ́run yóò bù kún ìjọ yìí àti ìjọ Solomon, yóò bù kún mọ́sáláásí Àlááji Sìrájù tí ó ní sùúrù fún wa. Adágún tuntun yóò tù yín lára. Àwọn ọmọ yín yóò rí ẹni fẹ́, àwọn baba wọn kò sì ní dí ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní jìn sí kòtò. Ṣùgbọ́n bí a bá jìn sí i, nítorí pé a ó ṣáà jìn sí i, kí Ọlọ́run fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, tí ó sì fẹ́ràn wa, sí bèbè.

Solomon, jókòó tì mí níbí. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, ọpọ́n ayò ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti nu eruku rẹ̀. Wọ bàtà rẹ méjèèjì wá.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Omi ti tó, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.